Erékùṣù Tí Kò Ní Ejò: Ǹjẹ́ Àìsí Ibi Ni Ìwà Rere?

Ní àríwá Èkìtì, láti Ìdó dé Ọ̀yẹ́, láti Ọ̀yẹ́ dé Ìkọ̀lé, kò sí àgbẹ̀ tí ó ń ro oko láìfi ti ejò ṣe. Ibẹ̀ ni igbó àti ọ̀dàn ti pàdé, nítorí náà ni ejò igbó àti ejò ọ̀dàn ṣe ń bá ara wọn gbé níbẹ̀. Ẹni tí ó ń ṣán oko ń fi etí sílẹ̀ bí ó ti ń la ojú sílẹ̀. Ẹni tí ó ń ṣa kòkó lábẹ́ igi kì í ki ọwọ́ bọ inú ewé gbígbẹ láìkọ́kọ́ fi igi tú u. Ẹni tí ó ń wa iṣu a máa yẹ ẹ̀gbẹ́ ebè wò kí ó tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọmọdé kò tíì mọ ìwé kà tí a ó ti kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ wọ̀nyí. Àwọn àgbà sì mọ agbára ejò tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń pa òwe pé àìrìnpọ̀ ejò ni ó ń jẹ ejò níyà: bí paramọ́lẹ̀ bá ṣíwájú, tí ọká tẹ̀ lé e, tí òjòlá ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn, ta ni yóò dúró dè wọ́n?

Bí a bá wá sọ fún irú àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀ pé ilẹ̀ kan wà láyé tí kò ní ejò rárá, tí ọmọdé lè sùn sínú koríko kí ohunkóhun má ṣe é, ìbéèrè méjì ni yóò kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Èkínní ni pé, ta ni ó lé wọn lọ? Èkejì ni pé, irú ìwà wo ni àwọn ará ibẹ̀ hù tí Olódùmarè fi ṣe bẹ́ẹ̀ fún wọn? Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí i pé kò sí èyí tí ó kan ejò fúnra rẹ̀ nínú ìbéèrè méjèèjì. Ọ̀rọ̀ ènìyàn ni wọ́n ń bèèrè: ta ni ìyìn tọ́ sí, ta ni ẹ̀bi sì tọ́ sí? Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ erékùṣù tí kò ní ejò ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ẹranko, tí ó di ọ̀rọ̀ ìwà.

Ìtàn kan wà tí ó dáhùn ìbéèrè méjèèjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìtàn náà kò sì ṣàjèjì sí Èkìtì. Àwọn àlùfáà Àgùdà tí wọ́n wá láti ilẹ̀ Ireland ṣiṣẹ́ púpọ̀ ní agbègbè Oǹdó àti Èkìtì, orúkọ Patrick, ẹni mímọ́ ilẹ̀ wọn, sì tipa bẹ́ẹ̀ di ohun tí a mọ̀ níbẹ̀. Ní ọdún 1961 ni a fi Patrick ṣe alábòójútó fún Nàìjíríà nínú ìjọ Àgùdà. Nígbà tí a sì dá díósísì Èkìtì sílẹ̀ ní ọdún 1972, ilé ìsìn tí ń jẹ́ orúkọ Patrick ní Adó-Èkìtì ni ó di kàtídírà rẹ̀. Ìtàn tí a ń sọ nípa Patrick ni pé ó dúró lórí òkè, ó gbàdúrà, ó sì lé gbogbo ejò ilẹ̀ Ireland sínú òkun. Láti ìgbà náà wá, wọ́n ní, ejò kò tún gbé ibẹ̀ mọ́.

Òtítọ́ ni pé Ireland kò ní ejò àbáláyé kankan. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Patrick ni ó lé wọn. Ọ̀rúndún karùn-ún ni Patrick ṣiṣẹ́ ní Ireland. Bẹ́ẹ̀ òǹkọ̀wé ará Róòmù kan tí ń jẹ́ Solinus, tí ó ṣáájú Patrick, ti kọ ọ́ sínú ìwé pé kò sí ejò ní erékùṣù náà. Nígbà tí ó sì di ọ̀rúndún kejìlá, Gerald ará Wales, tí òun náà jẹ́ àlùfáà, sọ pé ó dà bí ẹni pé láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ni ilẹ̀ náà kò ti ní ejò. Ẹni tí kò sí nílé, a kò lè lé e jáde.

Ohun tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì rí ni èyí. Ara ejò kì í mú ooru jáde tó fúnra rẹ̀; oòrùn àti ilẹ̀ gbígbóná ni ó fi ń gbé ara. Ní ìgbà òtútù ńlá tí ó kásẹ̀ nílẹ̀ ní nǹkan bí ẹgbàárùn-ún ọdún sẹ́yìn, yìnyín bo èyí tí ó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ Ireland, ejò kò sì lè gbé níbẹ̀. Nígbà tí yìnyín yọ́, omi òkun kún. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣì so mọ́ ilẹ̀ Yúróòpù fún ìgbà díẹ̀ sí i, ejò oríṣi mẹ́ta sì rí ọ̀nà wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó dé Ireland, òkun ti la àárín. Gbogbo ọ̀ràn náà kò ju pé ilẹ̀kùn ti sé kí àlejò tó dé.

Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò jìnnà sí Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà pẹ̀lú. Àwọn erékùṣù Cape Verde wà nínú òkun, ó lé ní 500 kìlómítà sí etíkun Sẹ̀nẹ̀gà. Òkè oníná ni ó gbé wọn jáde láti ìsàlẹ̀ òkun. Wọn kò so mọ́ ilẹ̀ ńlá rí. Ọmọńlé àti àwọn ìbátan alángbá kan rí ọ̀nà dé ibẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé igi tí ń léfòó ni ó gbé wọn lọ. Ṣùgbọ́n ejò kankan kò fi ibẹ̀ ṣe ilé. Nígbà tí àwọn ará Pọtogí gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, wọn kò bá ènìyàn kankan níbẹ̀. Ta ni a ó wá sọ pé ìwà rere rẹ̀ ni ó mú ejò jìnnà? Kò sí ẹni tí yóò hu ìwà, yálà rere tàbí búburú, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ejò.

Ẹ fi èyí wé erékùṣù Bioko tí a mọ̀ sí Fernando Po tẹ́lẹ̀, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ti ṣiṣẹ́ oko kòkó rí. Kò ju nǹkan bí 32 kìlómítà lọ sí etíkun Kamẹrúùnù, omi àárín wọn kò sì jìn. Nígbà òtútù ńlá tí omi òkun fà sẹ́yìn, ilẹ̀ gbígbẹ ni àárín ibẹ̀ jẹ́. Ejò ń wọ́ lọ síbẹ̀ bí ó ti ń wọ́ lọ sí oko tí ó múlé gbe é. Oríṣiríṣi ejò ni ó sì kún Bioko títí di òní. Bí àìsí ejò bá jẹ́ èrè ìwà rere, a jẹ́ pé ìwà rere àwọn ará Bioko ni omi tí kò jìn bà jẹ́. Ó hàn gbangba pé irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ kò tọ̀nà.

Bí ènìyàn ti ń fi ìyìn fún ẹni tí kò tọ́ sí, bẹ́ẹ̀ náà ni ó ń fi ẹ̀bi kan ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Àpẹẹrẹ rẹ̀ wà ní São Tomé, erékùṣù òkè oníná mìíràn tí ó dojú kọ Gàbọ́ọ̀n. Sebé dúdú kan wà níbẹ̀ tí oró rẹ̀ burú. Ó ti pẹ́ tí àwọn ènìyàn ti ń sọ pé àwọn ará Pọtogí ni ó kó o wá láti ilẹ̀ ńlá, kí ó lè máa pa eku ní oko wọn. Àlàyé yìí dùn-ún gbọ́, nítorí pé àwọn ará Pọtogí ti ṣe ibi púpọ̀ ní erékùṣù náà. Wọ́n kó ẹrú lọ síbẹ̀, wọ́n sì fi wọ́n ṣiṣẹ́ bí ẹranko. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ ara ejò náà àti ìran rẹ̀ wò fínnífínní, wọ́n rí i pé kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú ti ilẹ̀ ńlá. Ìran ọ̀tọ̀ ni, ó ti wà ní erékùṣù náà tipẹ́tipẹ́ kí ọkọ̀ ojú omi kankan tó gúnlẹ̀. Ní ọdún 2017 ni wọ́n fún un ní orúkọ tirẹ̀, Naja peroescobari. Ẹ̀bi oko ẹrú wà lọ́rùn àwọn tí ó dá a. Ẹ̀bi ejò kò sí níbẹ̀. Ẹni tí ó jẹ gbèsè ọ̀kẹ́ kan kò yẹ kí a ní kí ó san méjì, ìbáà jẹ́ ọ̀dájú.

Bí ọ̀rọ̀ kan bá rújú, Yorùbá a máa sọ pé ejò lọ́wọ́ nínú. Ohun ìyanu ni pé ejò kò ní ọwọ́. Ènìyàn ni ó ń wá ọwọ́ kiri nínú gbogbo ohun tí ó bá ṣẹlẹ̀, nítorí pé ó ṣòro fún un láti gbà pé ohun kan lè ṣẹlẹ̀ kí ó má jẹ́ pé ẹnìkan ni ó ṣe é. Ìwà yìí dára nígbà tí a bá ń tọpa olè tàbí apànìyàn. Ṣùgbọ́n ó di ewu ńlá nígbà tí ọwọ́ tí a ń wá kò bá sí.

Ewu yìí kì í ṣe ti erékùṣù nìkan. Bí ejò bá ṣán ènìyàn nínú oko, kì í ṣe ohun tuntun kí a gbọ́ tí ẹnìkan ń bèèrè pé, “Ta ni ó rán an?” Ìbéèrè yìí ni ó ń sọ ìyàwó ilé di ọ̀tá orogún rẹ̀, tí ó ń sọ arúgbó tí kò lágbára àtigbé igbá omi di ẹni tí ó lè dárí ejò gba oko méje kọjá. Ní ọdún 2017 kan náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ka oró ejò mọ́ àwọn àìsàn ilẹ̀ olóoru tí ayé ti pa tì. Iye tí àjọ náà fojú dá pé ejò ń pa lọ́dọọdún káàkiri ayé wà láàárín 81,000 àti 138,000. Àgbẹ̀ àti ọmọ àgbẹ̀ ni ó pọ̀ nínú wọn, ní ilẹ̀ Íńdíà, ní Áfíríkà, níbi gbogbo tí ẹsẹ̀ lásán ti ń tẹ koríko. Ṣé gbogbo àwọn wọ̀nyí ni ẹnìkan rán ejò sí? Ejò ń wá eku ni, ẹsẹ̀ sì tẹ̀ ẹ́. Wákàtí tí a fi ń wá ẹni tí ó rán an ni oró fi ń rìn nínú ara, ó sì yẹ kí wákàtí náà ti gbé aláìsàn dé ojú títì, kí ó gbé e dé ilé ìwòsàn ńlá ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó, níbi tí oníṣègùn yóò ti yẹ̀ ẹ́ wò, tí yóò sì mọ̀ bóyá abẹ́rẹ́ apa-oró ni ó nílò. Àṣìṣe nínú èrò kì í pẹ́ di àṣìṣe nínú ìwà. Àṣìṣe nínú ìwà sì lè di ikú.

Nítorí náà, òfin kan ni ọ̀rọ̀ yìí ń tọ́ka sí: ohun tí ọwọ́ ènìyàn bá wà nínú rẹ̀ nìkan ni a lè fi yìn ín tàbí kí a fi bá a wí. Òfin yìí rọrùn láti sọ, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti pa mọ́, pàápàá nígbà tí ẹni tí a fẹ́ yìn bá jẹ́ àwa fúnra wa.

Ẹ jẹ́ kí a wo akẹ́kọ̀ọ́ méjì tí wọ́n jókòó fún ìdánwò ní gbọ̀ngàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Níwájú èkínní ni olùṣọ́ ìdánwò kan dúró sí tí kò ṣẹ́jú. Tábìlì jìnnà sí tábìlì, kò sí ìwé tí a lè yọjú wò. Akẹ́kọ̀ọ́ yìí jáde, ó ní òun kò jí ìwé wò láti ọjọ́ tí òun ti dáyé. Ní gbọ̀ngàn kejì, olùṣọ́ jáde lọ fún ìgbà díẹ̀, ìdáhùn sì ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé iwájú akẹ́kọ̀ọ́ kejì. Ó mọ̀ pé ìbéèrè kẹta ti dá òun láàmú. Ó mọ̀ pé bí òun bá fìdí rẹmi, kò sí owó tí bàbá òun yóò tún fi san ti ọdún mìíràn. Ó dojú ìwé náà dé, ó tì í sẹ́yìn. Àwọn méjèèjì ni kò jí ìwé wò. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wọn ni olóòótọ́? Ó lè jẹ́ pé èkínní náà jẹ́ olóòótọ́. A kò tíì mọ̀, òun pàápàá kò sì tíì mọ̀. Erékùṣù ni ó ti ń gbé. Èkejì ti rí ejò, ó sì mọ ohun tí ó ṣe sí i.

Bákan náà ni ti akin. Ní ọdún 1877 sí 1893, nígbà tí Èkìtìparapọ̀ dojú kọ Ìbàdàn nínú ogun Kírìjì, àwọn ọmọ Èkìtì fi ara wọn hàn ní akin nítorí pé ogun dé bá wọn, wọ́n sì dúró. Ìlú tí ogun kò yà sí rí lè jẹ́ ìlú akin, ó sì lè jẹ́ ìlú ojo. Àlàáfíà rẹ̀ kò sọ ọ̀kan nínú méjèèjì.

Ẹnìkan lè wá takò ó pé, bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, a jẹ́ pé kí a máa wá ìdánwò kiri nìyẹn, kí erékùṣù tí kò ní ejò lọ ra ejò wọlé kí ó baà lè ní ìwà. Àtakò yìí lágbára, ó sì yẹ kí a dá a lóhùn. Ìdáhùn rẹ̀ wà ní Guam, erékùṣù kan nínú òkun Pàsífíìkì tí ó wà lábẹ́ Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ejò agungi kan tí kò gbé ibẹ̀ rí fara pamọ́ sínú ẹrù, ó sì bá a gúnlẹ̀. Àwọn ẹyẹ ibẹ̀ kò mọ ejò bẹ́ẹ̀ rí. Wọn kò mọ bí a ti ń sá fún un, wọn kò mọ ibi tí a ń tẹ́ ìtẹ́ sí kí ó má baà dé ibẹ̀. Nínú oríṣi ẹyẹ igbó méjìlá tí ó jẹ́ ti erékùṣù náà, mẹ́wàá ni ejò yìí pa run nínú igbó Guam. Ẹ̀kọ́ méjì ni èyí kọ́ni. Èkínní ni pé ẹni tí ó mọ̀ọ́mọ̀ pe ibi wọlé kì í ṣe akin, aṣebi ni. Àdúrà tí Jésù kọ́ àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀ pàápàá kò bèèrè ìdẹwò. Ó bèèrè pé kí a má ṣe fà wọ́n sínú rẹ̀. Èkejì ni pé àìmọ ibi kì í ṣe agbára. Ẹyẹ tí kò mọ ejò kò dára ju ẹyẹ oko Ìkọ̀lé tí ó mọ̀ ọ́n lọ. Orí ni ó ṣì ń bá a ṣe é.

A wá lè bèèrè pé, ǹjẹ́ kò wá sí ìyìn kankan fún erékùṣù tí kò ní ejò? Ó wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí a rò tẹ́lẹ̀. New Zealand jẹ́ erékùṣù tí ejò orí ilẹ̀ kò sí níbẹ̀, òkun ni ó sì ṣe é bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ayé òde òní, tí ọkọ̀ òfuurufú àti ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀ lójoojúmọ́, òkun nìkan kò tó ògiri mọ́. Àwọn ará ibẹ̀ fi òfin dí ọ̀nà. Ọgbà ẹranko wọn pàápàá kò gbọdọ̀ sin ejò kan, wọ́n sì ń yẹ ẹrù tí ó ń wọlé wò. Àìsí ejò láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ wọn, ọpẹ́ ni ó tọ́ sí i, kì í ṣe ìgbéraga. Ìṣọ́ tí wọ́n ń ṣọ́ ni iṣẹ́ ọwọ́ wọn, ìyìn sì tọ́ sí i. Yorùbá mọ èyí tipẹ́ nígbà tí wọ́n sọ pé bí ògiri kò bá lanu, alángbá kò lè wọ ibẹ̀. Ẹni tí a bí sínú ilé tí ògiri rẹ̀ le kò ní ìdí láti yangàn. Ẹni tí ó ń rẹ́ ògiri náà lọ́dọọdún ni ó ṣiṣẹ́.

Níbí ni a ti lè padà sí àríwá Èkìtì. Ìyá tí ó ń gbá àyíká ilé rẹ̀ kí koríko má baà hù débi ẹnu ọ̀nà, tí ó ń dí ihò eku kí ejò má baà tẹ̀ lé eku wọlé, tí ó ń tan iná kí ọmọ rẹ̀ tó jáde lóru. Bàbá tí ó ra bàtà rọ́bà fún ọmọ tí ó ń bá a lọ sí oko kí ó tó ra fìlà fún ara rẹ̀. Aládùúgbò tí ó gbé ẹni tí ejò ṣán sẹ́yìn alùpùpù lọ sí ilé ìwòsàn, tí kò dúró gbọ́ ẹni tí a fẹ́ dárúkọ: àwọn wọ̀nyí kò gbé erékùṣù. Ejò yí wọn ká láti ọjọ́ tí a ti bí wọn. A kò lè fi iye ejò tí ó wà nínú igbó wọn díwọ̀n ìwà wọn, nítorí pé kì í ṣe àwọn ni wọ́n fi ejò síbẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe nípa ejò ni ìwà wọn.

Bẹ́ẹ̀ ni ó rí nípa gbogbo ibi mìíràn tí ń wọ́ nílẹ̀ láàárín ènìyàn, ìbáà ṣe olè, ìbáà ṣe irọ́, ìbáà ṣe ẹ̀tàn. Ìlú tí kò tíì rí wọn kí ó dúpẹ́, kí ó sì máa ṣọ́nà. Ìlú tí ó ti rí wọn kí ó má ṣe rò pé ègún ni ó já lé òun. Kí ó gbé igi àti iná, kí ó sì ro àyíká ilé rẹ̀. Bí ọ̀kan bá ń ṣe tirẹ̀ tí èkejì ń ṣe tirẹ̀, ìwà wọn dọ́gba, bí ilẹ̀ wọn kò tilẹ̀ dọ́gba.